Fọ Ẹ̀jẹ̀, Fọ́ Ẹ̀jẹ̀

Òórùn ewé gbígbẹ tí wọ́n fi bébà wé ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kí n tó rántí ẹ̀jẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí. Láti agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní láàbù yunifásítì, níbi tí a ti ń wá ewé tó lè dá èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sójú egbò, ó dáa. Bó bá dì sínú iṣan, ó lè pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ìyá mi lẹ́sẹ̀, oògùn òyìnbó tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni dókítà sì fún wọn. Mo kúkú gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo ti kàwé, mo ń wọ kóòtù funfun, ta ni yóò sọ fún mi?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá ẹlẹ́wé kan l'Ọjà'ba ta ewé kan fún mi, wọ́n sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo kọ ọ́ sára bébà rẹ̀: fo eje. Ìkánjú ni mo fi kọ ọ́, mi ò fi àmì ohùn kankan sí i. Àmì ohùn kẹ̀? Iṣẹ́ tíṣà ni mo kà á sí. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé, mo gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá mi bi mí pé ewé kí ni. Mo wo bébà, mo ní, "Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni, Màmá." Mo tún rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹlẹ́wé tí kì í ní àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn dọ̀tí. Wọ́n gbé e kaná láìsọ fún mi, wọ́n ń mu ún lẹ́yìn àsùbáà, wọ́n sì ń fi oògùn dókítà lé e.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ibi tí wọ́n ti ń fi pákò fọ ẹnu ni ẹ̀jẹ̀ ti bọ́, kò sì dáwọ́ dúró. Imú tẹ̀ lé e. Yéè! A wọ takisí ní Bẹẹrẹ, ìborùn tí mo fi dí imú wọn rin gbingbin. Ní ọsibítù, dókítà béèrè ohun tí wọ́n tún ń lò. Ìyá mi ní, "Ewé ọmọ mi ni." Mo ní àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Dókítà ní, "Lọ bi ẹni tó tà á dáadáa, kó o tètè dé."

Ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó ni mo gbà sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, bàtà mi kan já, mi ò dúró mú un.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ewé tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn..."

"Fífọ̀ kẹ̀? Ṣé aṣọ ni? Fọ́ ni mo wí! Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì ló ń fọ́. Ta lo bù ú fún?"

Mo ní ìyá mi ni, àti pé wọ́n ń lo oògùn òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ìyá ẹlẹ́wé káwọ́ lérí. "Háà! O rán oníṣẹ́ méjì sí ẹ̀jẹ̀ kan! Ẹyin lohùn, ọmọ mi, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Nígbà tí mo padà jíṣẹ́, dókítà dá oògùn náà dúró, ó fún ìyá mi lábẹ́rẹ́ tí í mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí wọn lára. Odindi ọjọ́ méjì, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìyá. Ní ọjọ́ kẹta, òwú tí nọ́ọ̀sì yọ nímú wọn jáde ní funfun. Mo wólẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo sunkún bí ọmọdé.

"Alhamdulillahi," ni ìyá mi wí. "Ṣùgbọ́n ìwé wo lo kà gan-an?"

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìyókù ewé lọ sí láàbù. Mo da omi rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń wo aago. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kejì tí kò ní ewé ti dì gbagidi, èyí ṣì ń ṣàn bí omi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hó yèè. Èmi ò lè hó. Ìyá mi ti ṣe ìdánwò yẹn ṣáájú wa.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kú, ikú ogbó sì ni. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé n kì í gba iṣẹ́ tí kò bá lámì ohùn. Mi ò bá wọn jà. Mo ti fi bírò pupa fa ilà kan sórí fo inú rẹ̀, ilà kékeré báyìí, tó yẹ kí n ti fà lọ́jọ́ tí mo ra ewé náà.