Ègbè Nìkan Ni Mo Mọ̀

Bí ọ̀kadà bá ti gun òkè tán tó já sí Ìwàrò-Ọ̀kà, òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, inú mi á kàn bà jẹ́ ṣáá ni. Ìdí àgbada gààrí ni ìyá bàbá mi ti máa ń kọrin. Orin àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ni: ẹni tó wà níwájú á pe àwọn tó kù lẹ́yìn, àwọn yẹn á sì dá a lóhùn. Ìyá àgbà ló ń lé e, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ ló ń gbè é. Nígbà tí ọ̀rẹ́ yìí kó lọ bá ọmọ wọn l'Ékòó, ègbè bọ́ sí mi lọ́rùn.

Ègbè ò ní wàhálà. "A ń bọ̀ o, a ń bọ̀," ó parí. Lílé rẹ̀ gan-an niṣẹ́. Ìyá àgbà á ki odò, wọ́n á ki òkè, wọ́n á dárúkọ àwọn ará ilé wa tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn Ọ̀kà tí èmi tí mo ń ṣe tíṣà n'Íkàrẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Wọ́n á máa fi àfọ́kù igbá yí gààrí, orin ò sì ní já. Ní Sátidé kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n wò mí.

"Ìwọ náà lé e ká gbọ́."

"Ìyá àgbà, orin yín ti gùn jù. Ẹ jẹ́ kó di Kérésì, màá kọ́ ọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ní kíláàsì, orin ló wá gùn jù fún."

Bẹ́ẹ̀, mi ò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà o. Ọ̀lẹ lásán ni. Kérésì ò tíì dé tí Ìyá àgbà fi kú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọrin dáadáa níbi ìsìnkú, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, àmọ́ omi ò bọ́ lójú mi. Fọ́tò Ìyá àgbà kún inú fóònù mi, ohùn wọn ò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ̀rẹ́ wọn tó ti Èkó wá, mo sáré bá wọn lẹ́yìnkùlé, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi lé orin yẹn."

Wọ́n fà mí dìde. "Ègbè ni tèmi náà, ọmọ mi. Òun nìkan ló mọ lílé ẹ̀."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "A ń bọ̀ o, a ń bọ̀." Mo bá wọn gbè é. A dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí Ìyá àgbà ìbá fi pè wá, a tún gbè é. Ibi tá a dákẹ́ sí yẹn ni ẹkún ti gbé mi.

Àárò Ìyá àgbà ń sọ mí. Mo ti rò pé ti ìdílé wa lorin náà, kò lè rìn lọ síbì kan. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló kù sí. Mo ti kọ́ ọmọbìnrin mi ní ègbè tí mo mọ̀. Bó bá ti gbè é lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fẹ́ sáré gbè é lẹ́ẹ̀kejì, màá sì fọwọ́ kàn án léjìká.

"Dákẹ́ ná. Ibí yìí ni wọ́n ti ń pè wá."