Láti Ahéré dé Ahéré, Títí dé Etí Adágún

Ọkọ mi lọ sóko ní ìparí ẹ̀rùn. Ó ní òun fẹ́ kọ ebè òun tán kí òjò tó dé. Kò padà wálé.

Oko rẹ̀ kì í ṣe oko etílé. Ìgbó-Ọrà là ń gbé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lẹ́yìn àwọn òkè apá Ìdèrè, ní etí adágún kan tí igbó dúdú yí ká, níbi tí mọ́tò kankan kò lè dé. Àwọn tó ní oko lápá ibẹ̀ a máa rìn títí ọjọ́ á fi rọ̀, wọ́n á sùn ní ahéré ẹni tí wọ́n bá mọ̀, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún gbéra. Ọkọ mi ní kẹ̀kẹ́. Ó máa ń gùn ún níbi tó bá ṣeé gùn, ó sì máa ń tì í níbi tí kò bá ṣeé gùn. Kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó padà. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù kan kọjá, a tún wọnú òmíràn.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó jìnnà sí wa, inú rédíò la ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń lọ gba iṣẹ́ ṣọ́jà, àwọn mìíràn kì í sì í sọ fún ará ilé wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ládùúgbò pé wọ́n rí ọkọ mi ní gáréèjì Èrúwà, pé ó ń wọ mọ́tò Ìbàdàn. Mo wá ẹni tó sọ ọ́ lọ. Ó ní òun kọ́ ló rí i. Ó ní ẹnìkan ló sọ fún òun.

Aṣọ ni mò ń rán nígbà náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, ọkọ mi nìkan ló kù fún wọn. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, èmi àti ọkọ mi ti jiyàn. Mo ní kó fi oko jíjìn yẹn sílẹ̀, kó wá ilẹ̀ nítòsí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀, ìyá ọkọ mi wá dúró sí mi lórí.

"Ìyàwó, ẹnu rẹ ló lé ọmọ mi lọ sójú ogun."

"Màmá, oko ni wọ́n lọ."

"O ti débẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. A ó jọ lọ ni, kí ojú àwa méjèèjì jọ rí i."

Mo gbé ọmọ wa lọ fún ìyá mi. A di gàárì, iyọ̀, epo díẹ̀ nínú ìgò àti aṣọ ìbora, a sì mú ọ̀nà Ìdèrè pọ̀n.

Lẹ́yìn Ìdèrè ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Iná ti jó gbogbo pápá, eérú ń kù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àpáta sì gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ tì í. Ìyá ọkọ mi ń lọ níwájú, wọn kò wẹ̀yìn. Bí mo bá béèrè pé ṣé ká sinmi, ńṣe ni wọ́n á túbọ̀ yára. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láàárọ̀ sì ń yí lọ yí bọ̀ nínú mi. Ká ní lóòótọ́ ni ó lọ wọ ṣọ́jà ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi máa gbénú ilé yẹn?

Nírọ̀lẹ́, a dé ahéré àkọ́kọ́, ti bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà kò lè dìde kí wa. Sòbìà ti mú un, kòkòrò gígùn bí òwú tó máa ń la ara èèyàn jáde. Ó ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ ìyá náà, wọ́n ti fi igi tín-ín-rín ká orí rẹ̀, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń dáná, òun náà ló ń pọnmi.

Bàbá náà ní, "Ọmọ yín kọjá níbí lóòótọ́. Ó ń ti kẹ̀kẹ́, ó sì bá wa ṣẹ́gi. Láti ọjọ́ náà, a ò rí i kó padà."

Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Bí kò bá padà gba ibẹ̀, á jẹ́ pé kò lọ sí Ìbàdàn. Mo yíjú sí ìyá ọkọ mi kí n lè sọ ọ́, wọ́n ti mọ ohun tó wà lẹ́nu mi.

"Ọ̀nà mìíràn wà tó já sí Ayétẹ̀, ó lè wọ mọ́tò Ìbàdàn níbẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa aṣọ borí.

Lọ́jọ́ kejì, a gun òkè tó ga jù. Nígbà tí a dé téńté rẹ̀, mo rí igbó náà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dúdú lọ salalu, adágún náà sì ń kọ mànà láàárín rẹ̀. Ó rẹwà. Ẹ̀rù ló bà mí. Kò sí èéfín kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà oko ni. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi yọ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n jẹ́ kí n dì í mú títí dé ibi tó tẹ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n gba ọwọ́ wọn.

Ahéré kejì wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọkùnrin tó ni ín kò tíì tó ẹni ogójì ọdún. Orí ẹní ni a bá a, sòbìà ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, òun náà ò lè gbé apá. Àwọn ọmọ wọn kéékèèké ń fi ọwọ́ jẹ gàárì gbígbẹ. Iṣu gbígbìn wọn wà lójú oòrùn, ó ti ń rà.

Ìyá ọkọ mi sọ ẹni tí a jẹ́ fún un. Ọkùnrin náà bojú wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ó ránṣẹ́ sí yín."

"Ta ló rán?"

"Ọdẹ kan ló gba iṣẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀, ó jẹ́ ẹ fún mi, ó ní kí n dé Ìgbó-Ọrà. Ọmọ yín ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí ẹ wá gbé òun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó yẹ kí n gbéra ni ẹsẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí kí ẹnìkan kọjá kí n lè rán an. Kò sẹ́ni tó kọjá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù kan, Ìyá."

Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n bọ́ síta. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, mo rò pé wọ́n máa gégùn-ún fún ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ní kí a mú iṣu nínú èyí tó wà nílẹ̀ kí a sun ún jẹ, ìyá ọkọ mi ní àwọn ò jẹ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n gbé ìkòkò omi ilé náà tó ti gbẹ, wọ́n ní, "Ìyàwó, máa bọ̀." A pọnmi kún un. Wọ́n rokà fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì kó iṣu gbígbìn yẹn sábẹ́ ibòji. Wọn kò bá ọkùnrin náà sọ ohunkóhun mọ́.

Kí oòrùn tó yọ ni a ti wà lójú ọ̀nà. Inú igbó ni a rìn lọ́jọ́ náà, ní ẹ̀gbẹ́ adágún. Koríko ti ń bo ojú ọ̀nà, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò gbabẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ń sáré lọ ni, wọn kò rìn mọ́. Nígbà tí a rí òrùlé ahéré náà láàárín igi, wọ́n dúró lójijì, bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀ mọ́. Wọ́n wá fi oríkì ọmọ wọn pè é. Wọ́n tún pè é. Ohùn kan dáhùn láti inú ilé, ó tín-ín-rín, n kò mọ̀ ọ́n ní ohùn ọkọ mi.

Ó wà lórí ẹní. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Sòbìà ti já sínú orúnkún ọ̀tún rẹ̀, ó ti gbọyún, ẹsẹ̀ náà ti ká, kò ṣeé nà. Ọdẹ yẹn ló ń gbé omi àti iṣu sísun sílẹ̀ fún un nígbà tó bá kọjá. Ìyá rẹ̀ wólẹ̀ tì í, wọ́n ń fọwọ́ pa á lójú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?" ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

"A ò gbọ́," ni mo wí. "Iṣẹ́ tí ẹ rán ò dé ọ̀dọ̀ wa."

"Mo ránṣẹ́." Ó yíjú sí ògiri.

Mo jáde lọ sétí adágún. Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Omi náà mọ́ gaara, ó tutù, mo bù ú mu lámuyó, mo tún bu tiwọn wá. Omi yẹn náà ló gbé sòbìà wọ èmi lára, tó yọ lẹ́sẹ̀ mi nígbà ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e. A ò mọ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó wá sọ fún wa pé ká máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu wa.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni a fi gbé e kúrò níbẹ̀. A fi aṣọ ìbora tẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, a gbé e jókòó síbẹ̀, èmi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ìyá rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Táyà kò ní afẹ́fẹ́. Gbogbo gbòǹgbò igi tí kẹ̀kẹ́ bá gùn lé, igbe ni. Nígbà tí a padà dé ahéré kejì, ibà ti mú un, ó ń sọ ìsọkúsọ, kò mọ ilé ẹni tí a wà. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ láti orí ẹní tirẹ̀. Kò gbọ́.

Òkè gíga yẹn ló burú jù. Kẹ̀kẹ́ kò ṣeé tì lórí àpáta. Ó ní láti jókòó sílẹ̀, kó máa fi ìdí wọ́, ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, kó máa fa ara rẹ̀ lọ sókè, èmi di ẹsẹ̀ tó ń dùn ún mú kó má baà kan òkúta. Kò tó ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, òun ló ń gbégbá orókè nínú ìjàkadì lágbègbè wa kó tó gbé mi níyàwó. Ó ń sunkún bó ti ń wọ́ lọ. Ìyá rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ lérí, wọ́n lọ jìnnà síwájú kí wọ́n má baà rí i.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé wa láti Ìdèrè dé ọsibítù ní Ìgbó-Ọrà. Wọ́n la ibi tó gbọyún náà, ibà lọ, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn kò nà mọ́ láéláé. Igi ló kù tó fi ń rìn. Ìyá ọkọ mi kò kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ fún obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì pé, "Ìyàwó mi yìí ló tì í délé." Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá se ọbẹ̀, tèmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù.

Ìyá náà kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ọkọ mi kò lè roko mọ́, ó kọ́ bí a ṣe ń tún rédíò ṣe, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa kejì ti wà nílé ìwé, ọkùnrin ahéré kejì yẹn wá sílé wa ní ọjọ́ ọjà kan. Òun náà ń tiro. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe dọ́wọ́ òun, bí kò ṣe kúrò níbẹ̀, bí ìyá àti ìyàwó ṣe dé láìmọ nǹkan kan. Ọkọ mi gbọ́ ọ dópin. Ó ní kó dìde, ó fún un ní ìjókòó, ó ní kí n bu oúnjẹ fún un. Wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún ayọ̀, mo ní ó ti parí nìyẹn.

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́dún náà, òrùlé wa jò, omi sì ba rédíò oníbàárà jẹ́. Ó ní èmi ló yẹ kí n ti gbé e kúrò níbẹ̀. Mo ní mi ò sí nílé. Ó fi igi rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"O kì í sí nílé. Ẹ fi mí sílẹ̀ sí ahéré yẹn fún odidi oṣù kan."

"Ẹni tó mú iṣẹ́ náà dání ti wá sọ fún yín lẹ́nu ara rẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tó sọ," ó dá mi lóhùn.

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi aṣọ nu omi kúrò nínú rédíò náà. Mo gbé garawa, mo lọ gbé e sábẹ́ ibi tó ń jò.