Orúkọ Nìkan Ló Kù Nínú Háádì Dísìkì Mi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Warri nígbà wàhálà. Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

Ugborikoko là ń gbé, èmi, Àṣàkẹ́ ọmọ mi, àti ìyá ìyàwó mi tó wá láti Ọ̀yọ́ láti bá mi tọ́jú ọmọ. Ràmọ́tù ìyàwó mi ti kú. Ibà ló pa á! Òfin kónílé-ó-gbélé wà níta, kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà láti gbé wa dé ọsibítù.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Màmá ò rí òkú ọmọ wọn, wọn ò sì mọ ojú sàréè. Fídíò ló kù: Ràmọ́tù ń wẹ Àṣàkẹ́, ó ń kọrin, ó ń bú mi pé mi ò tètè gbé omi gbígbóná wá. Màmá ní àwọn ò tíì lè wò ó. Wọ́n ní bí a bá dé Ọ̀yọ́, àwọn á jókòó síwájú ẹ̀, àwọn á sun ẹkún tó yẹ kí àwọn ti sun.

Inú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì ni fídíò náà wà. Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, torí fáírọ́ọ̀sì ti ba Wíńdòsì mi jẹ́, mo sì máa ń fi ṣakọ níbi iṣẹ́. Nígbà tá a pinnu láti sá kúrò nílùú, mo ra háádì dísìkì oní-USB ní Airport Road, mo ti okùn rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́pì.

Bí ìbọn ṣe dún nítòsí nìyẹn. Aládùúgbò tó fẹ́ gbé wa ti tan mọ́tò, ó ń pariwo pé, "I no go wait o!" Ojú kọ̀ǹpútà ní kọ́pì ti parí, àmọ́ iná kékeré ara dísìkì ṣì ń ṣẹ́jú. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí! Línúùsì lè ní iṣẹ́ ti tán nígbà tí fáìlì ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, tí kò tíì dé inú dísìkì. Ó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé o fẹ́ yọ dísìkì, kó o sì dúró kó gbà fún ọ. Mo bẹ Màmá kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

"Ó ti parí, o ṣì ń wojú ẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa èyí tó kù ni?" Wọ́n pọn Àṣàkẹ́, wọ́n jáde.

Mo fà á yọ.

A ò tíì dé Benin tí wọ́n fi pè mí lórí fóònù: "Bros, your house don burn finish."

L'Ọ̀yọ́, mo yá kọ̀ǹpútà. Màmá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n tẹ́ ẹní. Orúkọ gbogbo fáìlì pé síbẹ̀, títí kan èyí tí mo pè ní Ràmọ́tù ń wẹ ọmọ. Òdo ni ìwọ̀n gbogbo wọn. Mo tẹ̀ wọ́n títí, òfìfo ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní kò sóhun tí àwọn fẹ́ gbà padà, torí kò débẹ̀ rí.

"Daddy, Mummy no dey inside?" Àṣàkẹ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Màmá wò mí. "Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tó kú. Ìwọ lo sin ín. Èyí tó jẹ́ tèmi, o jẹ́ kó jóná."

Ṣé ẹ rí ayé? Ẹni tó lé mi léré! Mo sì sọ ọ́ lójú wọn pé àwọn ni wọ́n ní kí n fà á yọ. Wọ́n ká ẹní wọn. Títí di òní, bí mo bá wọlé, wọ́n á jáde.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò le. Bẹ́ẹ bá ń lo USB lórí Línúùsì, ẹ yọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí iná ẹ̀ kú kẹ́ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ìbọn bá ń dún kẹ́ẹ tó ṣe kọ́pì.

Àṣàkẹ́ ti ń béèrè báyìí bóyá ohùn òun jọ ti ìyá òun. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni, mi ò rántí ohùn Ràmọ́tù mọ́. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: kí lẹ̀ ń sọ fún ọmọ?