Ohùn Àáfà Tó Sọnù Lójú Ewé

Lọ́jọ́ tí Alhaja wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Ìkòtún, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi. Ọmọ wọn ti bá wọn ṣí ojú ewé ayélujára ilé-kéwú ọkọ wọn olóògbé sórí rẹ̀. Àwòrán Àáfà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí wáàsí wọn ti máa ń dún ti di òfìfo.

"Ọmọ mi, bá mi wá ohùn bàbá wọn jáde. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn."

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, Àǹtí Rẹ̀mí, ní Ẹgbẹ́dá, la ti ṣe ojú ewé yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Àmì kan tó ń jẹ́ "embed" la fi ń gbé ohùn sójú ewé nígbà náà. Èkejì rẹ̀ ń jẹ́ "noembed". Inú rẹ̀ la máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé ohùn náà jáde máa rí kà. Èmi kì í kọ ju "Kò ṣiṣẹ́" lọ, torí ìwàǹwára mi pọ̀, mo sì gbà pé mo ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá mi lọ. Àǹtí Rẹ̀mí á pa á rẹ́, wọ́n á ní kí n dìde lórí àga, wọ́n á sì jókòó tún un kọ fúnra wọn. Wọ́n ní àlejò lẹni tí kò rí ohùn gbọ́ náà, kò yẹ ká fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń kùn, ṣùgbọ́n abẹ́nú ni.

Mo wá ohùn Àáfà títí. Ilé-iṣẹ́ tí a gbé e pamọ́ sí ti kógbá wọlé, kọ̀ǹpútà Àǹtí Rẹ̀mí sì ti bàjẹ́ kí ọ̀gá mi fúnra wọn tó ṣaláìsí. Àwọn fóònù òde òní ò sì ka "noembed" sí mọ́. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, wọn kì í fi í han ẹnikẹ́ni. Mo bá ṣí ẹ̀yìn ojú ewé náà, níbi tí àwa oníṣẹ́ ti ń kọ àwọn àmì wa, bóyá mo lè rí nǹkan kan dì mú.

Ọ̀rọ̀ ni mo bá nínú "noembed" níbẹ̀, ó gùn rẹpẹtẹ. Ọ̀gá mi ti tẹ gbogbo wáàsí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n jókòó ṣe é. Àárò wọn sọ mí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Alhaja pé ohùn ò sí mọ́, pé ọ̀rọ̀ ló kù, wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé kà, kí n kà á fáwọn jàre. Wáàsí nípa sùúrù láàrin tọkọtaya ni. Mo kà á títí mo fi dé ibì kan: "Níbí, Àáfà wúkọ́. Wọ́n ní kí ìyá Mònsúrà gbé omi wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi nìyẹn. Èmi ni mo gbé omi náà fún wọn. Tún ibẹ̀ kà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á. Wọ́n fi ìborùn nujú, wọ́n sì bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní ọ̀gá mi ni.

"Bá mi kí ọ̀gá ẹ dáadáa o. Sọ fún un pé mo gbọ́ ọ."

Mo ní màá jíṣẹ́.