Ọjọ́ Orí Tí Kàmọ́rù Sọ ní Ṣọ́ọ̀bù Siki

Obìnrin kì í pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ lójú ayé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pe Kàmọ́rù lórúkọ lónìí, torí inú tó ń bí mi ò jẹ́ kí n rí orúkọ mìíràn pè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọkọ mi. Crossness ní London ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí kó tó padà sínú odò, òun ló sì ń tún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi náà ṣe. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tẹ́ ẹ bá bá a pàdé nínú bọ́ọ̀sì láàárín Thamesmead àti Woolwich, á dìde fún aboyún kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ó gé ọdún mẹ́jọ kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀.

Èkó ló ti gé e, nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní àwọn ò gba ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún mọ́. Ó lọ búra ní kóòtù, wọ́n bá a lu òǹtẹ̀, ó di ọmọdé. Ta ni ò ṣe irú ẹ̀ nígbà yẹn? Èyí tó ń bí mi nínú ni pé irọ́ náà bá a wọ bàálù dé London, òun fúnra ẹ̀ sì wá gbà á gbọ́. Ṣùpọ̀, àbúrò ẹ̀ tó ń wa káàbù ní Woolwich Dockyard, ti wá di ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ìwé. Tí Ṣùpọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ kí i lójú àwọn ará ibi iṣẹ́, Kàmọ́rù á sáré fà á dìde kí wọ́n má baà béèrè ìdí.

Kenneth tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kó eré orí yìnyín ràn án. Òkè àtọwọ́dá kan tí wọ́n tẹ́ ike bíi búrọ́ọ̀ṣì sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń yọ̀ wálẹ̀. Mo ní ó dáa, eré ìdárayá ni. Àfi lọ́dún 2016 tí wọ́n ní àwọn ń lọ sí òkè France, kì í tún ṣe ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ dáadáa o, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi ń wo omi ìdọ̀tí, òun fẹ́ rí nǹkan funfun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bàjẹ́. Mo kàn ní màá tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fẹ́ ra ohun èlò eré náà, tó bá jẹ́ pé ó máa kú sórí òkè, kí n mọ ohun tó wọ̀ lọ.

Ọmọ Yorùbá kan la bá tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà, Moráyọ̀, tí àwọn òbí ẹ̀ ń gbé nítòsí Plumstead Common. Bó ṣe gbọ́ tá à ń sọ Yorùbá, ojú ẹ̀ tàn, ó ń pè wá ní Uncle àti Auntie. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó mú siki tó fẹ̀ wá, pákó gbọọrọ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ó ní èyí tó tínńrín máa rì sínú yìnyín jíjìn. Kàmọ́rù fẹ́ bàtà tó tóbi kó lè wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì nítorí òtútù, Moráyọ̀ ní rárá o, bàtà gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ mú, Kàmọ́rù sì gbà. Ó kó akoto wá, ó kó ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ àyà wá, èyí tó máa ń ké jáde tí yìnyín bá bo èèyàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣọ́bìrì wá. Mo bi wọ́n pé irú ìgbádùn wo lèèyàn ń gbé ṣọ́bìrì lọ. Wọ́n ní láti fi wú ara wọn jáde ni. Lahaola!

Ó wá ku irin tó ń so bàtà mọ́ siki. Moráyọ̀ wọn Kàmọ́rù, ó bi í bó ṣe ga tó, ó wá béèrè ọjọ́ orí ẹ̀. Kàmọ́rù ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ní.

Mo bi Moráyọ̀ kí ni ọjọ́ orí fẹ́ ṣe fún irin. Ó ní téèyàn bá ṣubú, irin náà ló yẹ kó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó má baà kán. Ẹni tó bá ti tó àádọ́ta ọdún, egungun ẹ̀ kì í fara da wàhálà bíi tàtijọ́, wọ́n máa ń dẹ irin tiẹ̀ kó lè tètè jù ú sílẹ̀.

Mo wo ọkọ mi. Kenneth dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan nínú Yorùbá.

“Daddy Faiz, ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yìí,” mo ní. “Mẹ́rìnléláàádọ́ta lẹ jẹ́.”

Moráyọ̀ dúró, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọra ní, “Uncle, èwo ni kí n lò?”

Kàmọ́rù nàró. Ó ní, “Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Mo lè bí ẹ. Tí àgbà bá sọ̀rọ̀, ọmọdé a máa jiyàn ni?”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Agbára àgbà ló fi ti irọ́ ọmọdé lẹ́yìn! Moráyọ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ má bínú sir. Mo tún sọ ọ́ lédè òyìnbó pé ọkọ mi ti lé ní àádọ́ta. Kàmọ́rù bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí ìyàwó òun ṣe máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Kenneth náà rẹ́rìn-ín. Moráyọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó mú irinṣẹ́, ó fún irin náà bí ẹni tó ni ẹsẹ̀ ṣe wí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kenneth tó wà pẹ̀lú ẹ̀ lórí òkè France sọ fún mi pé kì í ṣe ìṣubú ńlá rárá. Yìnyín jíjìn mú siki ẹ̀ kan, Kàmọ́rù rọra yí, irin sì di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú gírígírí. Egungun kán lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀rọ àyà ò ké, ṣọ́bìrì ò wúlò, gbogbo ẹrù tí wọ́n fara balẹ̀ yàn ló mọ́ lára wọn láìsí àbàwọ́n.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé London, dókítà wo fọ́tò egungun náà títí. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, egungun yìí gbó ju ọjọ́ orí ẹni tó ni ín lọ, bóyá kí àwọn wá àìsàn níbẹ̀. Mo wo Kàmọ́rù. Kàmọ́rù wo ògiri. Dókítà wá fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó má bọkàn jẹ́, ọmọdé ló ṣì jẹ́, ẹsẹ̀ náà ṣì máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún kó tó fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí dókítà jáde, Kàmọ́rù na ọwọ́ ẹ̀ síwájú. Ó ń ka ọdún lórí ìka ẹ̀.

“Medinat,” ó ní, “màá ti pé márùndínlọ́gọ́rin nígbà yẹn.”

Ojú ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Àánú ẹ̀ fẹ́ ṣe mí, inú tó ń bí mi ò gbà. Mo gbé ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ rìn fún un.

“Daddy Faiz, ẹ dìde,” mo ní. “Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú yín.”