Ọmọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Pọ̀n

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ókìtìpupa, mo sì bá ìyá àgbà kan tó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Àyà mi já.

Ìbùkún lorúkọ ọmọ náà. Wọ́n bí i pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tó là síta lábẹ́ ìdodo, ìtọ̀ sì ń kán níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Gbogbo Igbódìgọ̀, ìlú wọn, ló mọ ohun tó fà á. Àwọn kan ní ìyá rẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, àwọn mìíràn ní ìgbín tó jẹ nínú oyún ni. Dókítà nìkan ni kò mọ̀. Ohun tí òun mọ̀ kò ju bí yóò ṣe tún un ṣe lọ.

Ó rán àpò náà pa dé, ó dá a padà sínú, ó sì fa eegun ìbàdí ọmọ náà pọ̀ níwájú. A wá fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, torí bí ẹsẹ̀ bá yà, eegun yóò yà, ojú rírán yóò sì já. Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n. Ó mi orí dáadáa pé òun ti gbọ́. Orí mímì kì í wọ́n ní wọ́ọ̀dù wa.

Láàárọ̀ yẹn, mo bi í pé, "Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ tú u?"

"Ọma ń sunkún. Ẹ dì í bí ìdì igi. Ẹ̀yìn mi ni gbogbo ọma mi ti sùn dàgbà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ojú ọgbẹ́ ti ṣí. Wọ́n tún gbé ọmọ padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò kọrin mọ́. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, tí a tú báńdéèjì, dókítà ní kí ìyá àgbà máa pọn ọmọ rẹ̀ wàyí. Ó fà sẹ́yìn.

"Kì í ṣe èmi. Nọ́ọ̀sì, bá mi pọ̀n ọ́n."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo gbé ọmọ pọ̀n, nínú aṣọ funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ìyá ọmọ ń tẹ̀ lé mi, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi.

"Ó gbẹ," ló ń wí. "Ó ṣì gbẹ."

Àfi lójijì tí ìtọ̀ tó máa ń kán tẹ́lẹ̀ dà yàà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí dé inú bàtà mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà ti kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí n tètè lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ fi han dókítà.