Àbùjá Tí Bàbá Kóma Gbé Lé Ọmọ Rẹ̀ Lọ́wọ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Bí mo bá fi ìdajì ìka irọ́ kún un, kí gègé gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, kí ojú tí mo fi kọ́ ara mi ní a-bí-dí láìsí olùkọ́ má ríran ka lẹ́tà kan mọ́.

Ọdún méjìdínlógójì ni Bàbá Kóma fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí lẹ́tà tí kóma kan jókòó síbi tí kò yẹ, á gbà á padà lọ́wọ́ ọ̀gá, á fà á ya, á tún un tẹ̀ láti òkè. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gbé ní òpópónà kẹta fi máa ń sáré ká aṣọ lórí okùn. Wọ́n ṣebí òjò ló ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ dànù, tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Òun jókòó tì í. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó fi ìka tẹ ohun gbogbo wò títí ẹ̀rọ náà fi gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì ra ọ̀kan sílé.

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, Bàbá Kóma," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun lẹ ń pò."

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ìyá sì fẹ́ kó di nọ́ọ̀sì bíi tòun. Ọmọ kọ́ ọ dé ọdún kejì, ó bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó lọ ń wa tírélà.

"Ọmọ tí mo tọ́ nínú ilé ló wá ń sùn sínú ọkọ̀ ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà," ìyá wí. "Kó má pè mí mọ́."

Ọdún mẹ́fà gbáko, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé wá tutù bí ilé tí ayálégbé ti kó jáde.

Àìsàn dé. Ẹsẹ̀ tó ti rin wọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ọdún kò gbé nọ́ọ̀sì mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí ọkọ òun gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó jáde, kó sì fa ilẹ̀kùn dé. Ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan. Nígbà tó pè é wọlé, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọmọ yín ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni."

"Èmi tí mo bí i ńkọ́?"

"Ẹ kú ìnáwó. Ẹ bá mi fi pamọ́."

Àwọn ọmọ àbúrò wọn kì í yé wá tẹ kọ̀ǹpútà náà ṣeré. Bàbá Kóma wá ọgbọ́n dá. Àká méjì ni ẹ̀rọ náà ní nínú, ìyẹn ibi tó ń kó ẹrù rẹ̀ sí: ọ̀kan ń jẹ́ C, èkejì ń jẹ́ D. Ó kó ohùn ìyàwó rẹ̀ sí D, ó wá fi àká náà pamọ́, tí kò fi hàn mọ́ láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń tò fún ẹni tó bá ń wò ó. Ilé ṣì wà níbi tó wà. Wọ́n kàn yọ nọ́ńbà ara ògiri rẹ̀ ni. Kí òun fúnra rẹ̀ má bàa wá a tì, ó ṣe àbùjá kan sí ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán kékeré tó ní ọfà títẹ̀ lára. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ti bọ́ sínú àká nìyẹn. Ó sọ ọ́ ní "Òfin Ọ́fíìsì". Ọmọ wo ló fẹ́ ka òfin ọ́fíìsì?

Ní ọjọ́ kọkànlá, obìnrin náà kú. Ọkọ̀ ọmọ ti dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ló tó wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, kò wọlé.

"Ìyá rẹ bá ọ sọ̀rọ̀ kó tó lọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Èébú ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ. Jókòó, kí n ṣí i fún ọ."

Ọmọ wo àwọn ẹbí tó kún pálọ̀. "Kì í ṣe lójú gbogbo wọn, Bàbá. Ẹ gbé e fún mi. Inú ọkọ̀ mi ni màá ti gbọ́ ọ."

Bàbá Kóma ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó ṣe ẹ̀dà "Òfin Ọ́fíìsì" sínú rẹ̀. Kí ó tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Ọkùnrin tó ń rí kóma tó sá lọ láti ọ̀nà jíjìn kò bi ara rẹ̀ léèrè bí ọ̀rọ̀ wákàtí kan ṣe fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ lọ. Bàbá kò lè wo ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ láìjẹ́ pé ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó gbé e lọ fún yàrá ìkàwé tó wà nísàlẹ̀ òpópónà, kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ títẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, Ẹ-Dákẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, fóònù dún.

"Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Wò ó dáadáa."

"Rédíò ọkọ̀ ò rí i. Mo gbé e fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní àbùjá lásán lẹ gbé fún mi, pé ọ̀nà ni, kì í ṣe ilé. Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé Màmá bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àbí ẹ kàn ń tù mí nínú?"

Bàbá Kóma alára kò gbọ́ ọ. Kí ló fẹ́ fi jẹ́rìí?

Ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Ọkọ̀ méjì ló yà fún un. Ajá tó ń gbó lẹ́nu géètì gbàgbé ohun tó ń gbó sí.

"Ẹ dákẹ́," ni obìnrin náà kí i káàbọ̀. "Àwọn ọmọ ń kàwé."

"Kọ̀ǹpútà mi dà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti nu inú rẹ̀ tónítóní láàárọ̀. Gbogbo ohun tí mo rí ni mo nù."

Bàbá di tábìlì mú. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Gbogbo ohun tó *rí*.

Ó jókòó. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí àwo tí wọ́n fọ̀, àbùjá ti lọ. Ó ní kí ẹ̀rọ ṣe àbùjá tuntun, ẹ̀rọ bi í pé níbo ni yóò já sí. Ó tẹ D, ó kánjú, ó tẹ kóma síbi tí àmì kókó méjì tó gun ara wọn yẹ kó wà. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Àká ṣí. Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó gbé fóònù ti gbohùngbohùn kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Kí ohùn náà tó jáde, ó ti kó Ẹ-Dákẹ́ àti gbogbo àwọn tó ń kàwé bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ń ta wọ́n lórí. Ẹ-Dákẹ́ gan-an kò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Nǹkan bí wákàtí kan kọjá kí bàbá tó wọlé gbé fóònù.

"Bàbá."

"Mo ń gbọ́."

"Ó ní tí mo bá ń fi ọkọ̀ padà sẹ́yìn, kí n máa wo dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ní ibi tí iná bá wà ni kí n máa sùn sí."

Ó ku púpọ̀ tí kò sọ. Bàbá kò sì bi í. Ó ki fíláàṣì mìíràn bọ ẹ̀rọ, ó wọ inú àká lọ, ó gbé ohùn náà gan-an, kì í ṣe àbùjá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yára. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ru ẹrù, títí ó fi pé.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, Ẹ-Dákẹ́ ṣì wà láàyè, orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé náà ló wà. Ẹ lọ bi í. Ṣùgbọ́n ẹ rọra sọ̀rọ̀ o.